Bọ́ọ̀sì Funfun Tó Ń Wọ Lindehof Lóru

Ọjọ́ ìbí Nelleke ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì wà lórí ìkúnlẹ̀ tó ń nu ilẹ̀. Láti aago méje àárọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó nu àga, ó nu fèrèsé tí òjò máa tó tún bà jẹ́, ó wá kúnlẹ̀ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀, èyí tó jẹ́ pé Toon ọkọ rẹ̀ àtàwọn àlejò nìkan ló ń lò ó. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta! Ọkọ wà nílé ìdáná ní tiẹ̀, ó ń gé wàràkàṣì sí wẹ́wẹ́ bí ẹni pé wàràkàṣì náà ló ṣẹ̀ ẹ́.

"Toon, ṣé o ò gbóòórùn nǹkan kan ni?"

"Òórùn kí ni?"

"Òórùn kan ṣáá tó ń dùn. Bí ìgbà tí èèyàn bá da ṣúgà oníhóró ti ọmọ tuntun sílẹ̀."

"Ọmọ tuntun wà nílé, ṣúgà ọmọ tuntun wà nílé. Kí lo tún ń wá kiri?"

Kò parọ́. Femke ọmọ wọn ti gbé Noortje, ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, dé láti alẹ́ àná, Nelleke sì ti tẹ̀ lé àṣà wọn, ó ra búrẹ́dì gbígbẹ àti hóró ánísì tí wọ́n fi ṣúgà bò, èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú nítorí obìnrin ni wọ́n bí, kí ẹni tí kò tíì bá wọn jẹ ti ìkómọ lè jẹ ẹ́ lónìí. Nelleke dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó rìn lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù. Páálí hóró náà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i.

"Fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ọkọ̀," ló wí. "Àga tó ṣeé ká ò tíì wọlé."

"Mo ti kó wọn jáde."

"Ìwọ?"

"Èmi ni mo kó wọn jáde, Nelleke. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ó lọ wò ó. Àga mẹ́rin tò sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lóòótọ́, ìrì sì ti bò wọ́n. Ọkùnrin tí wọ́n máa ń rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dìde lórí àga, òun ló ń kó àga jáde láìjẹ́ pé wọ́n rán an! Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀. Ó tì pa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n kéèkì wà lórí iná, obìnrin tó ń retí àlejò kì í ráyè ka ẹ̀fà.

Aago méjì lù, wọ́n sì dé. Dorien ló kọ́kọ́ dé láti ilé kẹsàn-án, opó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin tí etí rẹ̀ ṣì gbọ́ ju ti ológbò lọ. Marjan dé láti ilé kẹfà, òun ni alága ẹgbẹ́ onílé Lindehof, àdúgbò kékeré onígéètì wọn, òun ló ń gba owó oṣooṣù tí ilé mọ́kànlá náà ń dá fún géètì, fún ojú ọ̀nà àti fún gígé igi. Sjef ló dé gbẹ̀yìn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Sjef fi ṣọ́ afárá odò, tó ń kọ orúkọ ọkọ̀ ojú omi kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá sínú ìwé. Ìjọba ti gba afárá lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gba ìwé.

"Nelleke, kú oríire o! Toon, kú oríire ìyàwó rẹ! Femke, kú oríire màmá rẹ!"

"Dorien, ẹ kú oríire aládùúgbò yín!"

Bí àṣà ibẹ̀, wọ́n kí ara wọn yíká títí kò fi ku ẹnì kan, ọmọ tó ń sùn lókè nìkan ni wọn ò rí kí. Wọ́n jókòó yípo, orúnkún kan orúnkún, kọfí lọ́wọ́ ọ̀tún, kéèkì ápù lọ́wọ́ òsì, ègé kọ̀ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

"Ọmọ dà?" ni Dorien bèèrè.

"Ó ń sùn," ni Femke dáhùn, ojú rẹ̀ sì ń dán. "Ẹ bá mi dúpẹ́. Nílé wa kì í sùn ju wákàtí kan lọ. Níbí, láti aago mọ́kànlá! Mo tẹ́ ẹ sí yàrá kékeré tó wà lórí ilé ọkọ̀, ariwo kankan ò dé ibẹ̀."

Síbí bọ́ lọ́wọ́ Toon. Ó bẹ̀rẹ̀ mú un, ó sì pẹ́ nílẹ̀ kó tó dìde.

"Ó dára kí ẹnì kan máa sùn ní Lindehof," ni Marjan wí, "torí èmi ò sùn mọ́. Ṣé ẹ ti rí ohun tí mo kọ sórí Wọ́sáàpù? Òjìlúgba yúrò lórí ilé kọ̀ọ̀kan, a ó sì ra kámẹ́rà sí géètì. Gbogbo èèyàn ló ti fọwọ́ sí i. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní rárá."

Ó wo Toon. Gbogbo wọn wo Toon.

"Owó pọ̀," ni Toon wí. "Òjìlúgba yúrò nítorí bọ́ọ̀sì kan! Bóyá ẹni tó ń gbé búrẹ́dì ni."

Sjef rẹ́rìn-ín sínú kọfí rẹ̀. "Búrẹ́dì aago mẹ́ta òru? Toon, ọmọ ọdún mélòó lo pè mí? Bọ́ọ̀sì funfun, kò ní fèrèsé lẹ́yìn. Ó ń pa iná kó tó dé géètì. Géètì á ṣí, á wọlé, á yà níbi igi ńlá, á wà níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, á jáde. Tó bá ń wọlé, táyà rẹ̀ máa ń tẹ̀. Tó bá ń jáde, ó ti fúyẹ́."

"Géètì á ṣí," ni Marjan tún un wí, ó sì gbé ìka sókè. "Ẹ gbọ́ ìyẹn. Nọ́ńbà géètì, ilé mọ́kànlá péré ló mọ̀ ọ́n. A kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà níta pé ilẹ̀ aládàáni ni, kí àlejò má wọlé. Ta ló wá ń fún àlejò ní nọ́ńbà?"

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ni Dorien wí. Ó sì já kéèkì díẹ̀ sẹ́nu bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

"Ilé keje ni," ni Marjan wí. "Onílé wà ní Sípéènì láti oṣù kẹfà. Ilé òfìfo ni wọ́n ń wá. Wọ́n ti mú irú rẹ̀ lábúlé kejì, ẹ rántí? Àwọn tó ń po oògùn olóró. Gbogbo àdúgbò ló ní àwọn ò mọ̀."

"Èmi ò sọ pé ilé keje ni," ni Sjef wí. "Láti fèrèsé mi, igi yẹn ló dí mi lójú. Ó lè jẹ́ ẹ̀kẹfà, ó lè jẹ́ èkeje, ẹ̀kẹjọ tí a wà yìí tàbí ẹ̀kẹsàn-án."

"Ẹ̀kẹsàn-án!" Dorien gbá itan. "Àṣírí mi tú. Ọkùnrin ló ń wá mi wá lóru. Mo ní kó má tan iná, ojú ń tì í."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Toon náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tiẹ̀ pẹ́ kó tó dé, ó sì pẹ́ kó tó lọ. Àárín oṣù kẹwàá ni, àwọn tó kù wọ súwẹ́tà, síbẹ̀ òógùn ń yọ níwájú orí rẹ̀.

Sjef ti fa ìwé kékeré kan yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó fi itọ́ kan ìka, ó ṣí i.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín. Oṣù yìí nìkan. Ọjọ́ kẹta. Ọjọ́ kẹsàn-án. Ọjọ́ kẹrìnlá."

Nelleke ń gé ègé kéèkì kejì fún Dorien. Ọ̀bẹ dúró láàárín kéèkì. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹsàn-án, ẹ̀kẹrìnlá. Níbo ló ti rí ọjọ́ mẹ́ta yìí pọ̀? Kì í ṣe orí Wọ́sáàpù, torí kì í kà á. Ibì kan tó tutù ni, ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn, orúnkún sì ń dùn ún.

Ó rántí.

"Mo ń bọ̀," ló wí, ó sì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí, tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀, wà níbi tó máa ń wà, lórí ìṣó tó kọjú sí ẹni tó bá jókòó, ti ẹgbẹ́ àwọn olùsìn ẹyẹlé tí Toon wà nínú rẹ̀, àwòrán ẹyẹlé sì wà lókè rẹ̀. Gbogbo ìbátan wọn ló wà lórí rẹ̀, òkú àti alààyè. Òwúrọ̀ yìí ló nu ògiri yẹn, ó sì rí orúkọ kan lórí ìlà mẹ́ta: Kees. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn olùsìn ẹyẹlé ni. Ojú rí i, ọkàn ò rí i.

Ọjọ́ kẹta, Kees. Ọjọ́ kẹsàn-án, Kees. Ọjọ́ kẹrìnlá, Kees. Ó ká a sẹ́yìn sí oṣù kẹsàn-án: Kees, Kees, Kees, Kees. Ọwọ́ Toon ni, "K" tó máa ń kọ bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ ọkùnrin yìí. Ohun tí kò bá kọ sára ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò lè rántí rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń kọ ọjọ́ tó fẹ́ lọ yọ eyín sí. Ibẹ̀ ló kọ ọjọ́ ìgbéyàwó wọn sí, tó sì tún gbàgbé. Àwọn tó ń bọ̀ lóru ti ní kó má kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó dá mi lójú, kò sì kọ nǹkan kan àfi orúkọ èèyàn sórí kàlẹ́ńdà ọjọ́ ìbí. Lójú tiẹ̀, ó ti gbọ́n. Ta ló máa ka iye ìgbà tí wọ́n bí Kees?

Nelleke fi ìka sọ̀kalẹ̀ títí dé ìlà ọjọ́ kejìdínlógún, ọjọ́ òní. Orúkọ òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, yíǹkì rẹ̀ ti ṣá. Lábẹ́ rẹ̀, ní yíǹkì tuntun: Kees.

Nítorí náà, wọ́n ń bọ̀ lálẹ́ òní.

Ó yọ kàlẹ́ńdà lórí ìṣó. Àmì onígun mẹ́rin funfun kan kù lára ògiri, ó mọ́ ju ibi tó kù lọ. Kò sóhun tó lè ṣe sí ìyẹn. Ó gba ẹnu ọ̀nà kejì wọ yàrá ìfọṣọ, ó sọ kàlẹ́ńdà sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó padà lọ jókòó. Ó bu kọfí, ó sì gbé ife sórí tábìlì láì fẹnu kàn án.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, Dorien dìde. "Kọfí ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ o."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àlejò máa ń ṣe tó bá jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀: á wá orúkọ ara rẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà. Tó bá rí i, inú á dùn, á mọ̀ pé òun ṣì jẹ́ èèyàn nínú ilé yìí. Dorien jáde, kò tilẹ̀ tíì gbá síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálẹ̀ tán.

"Nelleke, kàlẹ́ńdà yín dà? Mo fẹ́ wò ó bóyá mo ṣì wà lórí rẹ̀."

"Toon fẹ́ kun ògiri ibẹ̀," ni Nelleke wí.

"Ó já bọ́," ni Toon wí.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kọlu ara wọn láàárín àwọn èèyàn tó jókòó yípo, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó máa mú. Femke wo bàbá rẹ̀, ó wo màmá rẹ̀. Marjan gbé ife kọfí tó ti gbẹ sẹ́nu. Sjef pa ìwé rẹ̀ dé, ó fi í sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé e.

"Toon," ni Nelleke wí, "wá bá mi gbé wàràkàṣì."

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná kò tíì tì tán tó fi di apá rẹ̀ mú.

"Ta ni Kees?"

"Kees wo?"

"Toon, má ṣe mí báyìí lọ́jọ́ ìbí mi. Kees tí wọ́n ń bí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ta ni?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, ṣùgbọ́n lójijì ó dà bí ẹni pé wọ́n ti yọ igi kan kúrò ní ẹ̀yìn rẹ̀.

"Èèyàn kan ni. Ó bá mi ní ilé ẹyẹlé. Èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, Nelleke. Ó ní òun kàn ń wá àyè nínú ilé ọkọ̀ wa tí òun lè kó kẹ́ẹ̀gì sí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yúrò lóṣù. Ó ní ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò ni."

"Ọṣẹ ìfọmọ́tò tó ń wọlé ní aago mẹ́ta òru?"

"Kí ni kí n ṣe?" Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n ariwo ló ń pa. "Owó gáàsì nìkan, ṣé o mọ iye tó jẹ́? Ta ló ń san án? Ilé iṣẹ́ tí mo fi ogójì ọdún wa ọkọ̀ fún, kí ni wọ́n fún mi? Aago ọwọ́! Marjan ń gba owó igi, ó ń gba owó géètì, ó tún ń gba owó kámẹ́rà. Nígbà tí mo ní ká ta ilé, ta ló sunkún? Ta ló ní níbí ni wọ́n máa ti gbé òun sin?"

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Àwọn tó ń gbé májèlé kiri lóru, wọn kì í kan ilẹ̀kùn olówó. Wọ́n mọ ilé tí wọ́n ti ń wọ ẹ̀wù òtútù jẹun alẹ́. Wọ́n mọ bàbá tó ti lọ wo owó gáàsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án kan. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ń la ẹnu ògiri? Ẹ ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó yípo kó máa bèèrè ìyẹn. Síbẹ̀ Toon jẹ̀bi. Mi ò ní bá a fi iyọ̀ sí i.

"Wọlé lọ sọ fún wọn," ni Nelleke wí. "Ní báyìí."

"Mi ò lè sọ ọ́."

"Ojú ń tì ọ́?"

"Ó bi mí ní orúkọ ọmọ."

"Ta?"

"Kees. Lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ó ní, 'Mo gbọ́ pé o ti di bàbá àgbà. Kí lorúkọ rẹ̀?' Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ibo ni wọ́n ń gbé?'"

"O sọ fún un?"

Toon nawọ́ mú abọ́ wàràkàṣì. Fíríìjì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nínú pálọ̀, Marjan ń sọ̀rọ̀ òjò.

"Ó ku alẹ́ òní nìkan," ni Toon wí. "Wọ́n ń bọ̀ wá kó gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kó o, torí ọ̀kan ti ń jò. Mo fi àkísà dí i. Lẹ́yìn alẹ́ òní, ó parí."

"Kí ni ń jò?"

"Kẹ́ẹ̀gì kan. Díẹ̀ ni. Òun ló ń rùn bí..."

Kò parí rẹ̀. Àwọn méjèèjì gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, síbi tí yàrá kékeré wà.

Nelleke ò mọ bó ṣe gun àtẹ̀gùn. Ó ṣí ilẹ̀kùn, òórùn dídùn náà sì lù ú lójú, ó ta á nímú, ojú rẹ̀ ṣomi. Fèrèsé tì pa nítorí òtútù. Femke tilẹ̀ ti fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ sí ọmọ. Noortje nà gbalaja nínú apẹ̀rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

"Noortje. Noor. Ọmọ màmá."

Kò mira. Nelleke fà á gbé, orí ọmọ náà sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wọ́ sórí apá rẹ̀ bí èso tí igi rẹ̀ ti rọ. Kò kígbe. Kò ráyè kígbe. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Toon kọjá nílé ìdáná, ó fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó dé àárín koríko tútù, ó tú bọ́tìnnì àyà ọmọ, ó ń ra á lẹ́yìn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú. "Mí, ọmọ mi. Jọ̀ọ́. Mí sókè, mí sílẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́, mí."

Ọmọ náà sín. Ó tún sín. Ó wá la ẹnu, ó figbe ta, igbe gidi, igbe ìbínú tó jẹ́ kí gbogbo ẹyẹlé Toon fò sókè lórí òrùlé wọn. Nelleke jókòó sórí koríko pẹ̀lú aṣọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Femke ti sáré jáde. "Mama! Kí ló dé? Kí lẹ jí i fún?"

"Gbà á. Má gbé e wọlé mọ́. Pe dókítà, sọ fún un pé ọmọ ti fa oró sínú, kí wọ́n wá kíákíá."

"Oró kí ni? Mama, oró kí ni?"

"Pe dókítà, Femke."

Femke wo ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀ tó tì pa. Ó wo bàbá rẹ̀, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà tí abọ́ wàràkàṣì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ọmọ bọ inú kóòtù rẹ̀, ó rìn jìnnà sí ilé títí dé abẹ́ igi ńlá, ó sì fa fóònù yọ.

"Nelleke," ni Toon wí. "Ọmọ ti jí. Ó ti jí, Ọlọ́run ṣeun. Jẹ́ kí alẹ́ lẹ́ ṣáá. Tí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n mọ ibi tí Femke ń gbé."

Nelleke nu ojú. Ó ronú lórí ìyẹn, mi ò ní sọ pé kò ronú. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógójì tó ti ń bá ọkùnrin yìí sùn. Kò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níta rí. Nígbà tó mu ọtí yó lọ́jọ́ ìsìnkú bàbá rẹ̀, Nelleke ní àìsàn ni. Nígbà tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, Nelleke ní ó fẹ̀yìn tì. Àwọn àgbà Yorùbá kò mọ Lindehof, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ: àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ti wọ́ lónìí, ó fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n mọ ibi tí Femke ń gbé tẹ́lẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ kò lè mú kí wọ́n gbàgbé rẹ̀.

Ó wọlé. Ó ṣí fèrèsé ilé ìdáná gbayawu. Ó kọjá láàárín àwọn àlejò láì wo ojú ẹnikẹ́ni, ó ṣí fèrèsé pálọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó fi àga dá a dúró.

"Nelleke, òtútù!" ni Marjan wí. "Kí ló ṣe ọmọ? A gbọ́ igbe rẹ̀."

"Ó ti ń mí," ni Nelleke wí. "Ẹ jẹ́ kí òtútù wọlé."

"Òórùn kí nìyẹn tó ń jáde yìí?" Dorien gbé imú sókè. "Bí ánísì. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ṣí páálí yẹn kẹ̀."

Nelleke lọ sí yàrá ìfọṣọ. Ó ṣí ẹ̀rọ, ó yọ kàlẹ́ńdà, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ti ká. Kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ ta ọkọ rẹ̀. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ lórí koríko, ahọ́n rẹ̀ kọ̀. Ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó gbé kàlẹ́ńdà kọ́ sórí ìṣó rẹ̀, oṣù kẹwàá lójú, ó sì rí i pé ó gún régé lórí àmì funfun náà. Nígbà tó jáde, ó wọ pálọ̀, ó dúró níwájú Sjef.

"Aládùúgbò," ló wí, "o ti ń jókòó lé ìtọ̀ láti ìgbà tó o dé. Tọ́lẹ́ẹ̀tì ti ṣófo. Mú ìwé rẹ dání."

Sjef wò ó lójú. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ìwé rẹ̀ lábẹ́ itan, ó lọ. Wọ́n gbọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn. Toon wọlé láti ilé ìdáná, ó gbé abọ́ wàràkàṣì sórí tábìlì, kò rí àga jókòó sí, nítorí náà ó dúró. Marjan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan nípa ojú ọjọ́, ó sì fi í sílẹ̀. Atẹ́gùn ń gbé bébà orí kéèkì. Ó pẹ́, ó pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọn ò gbọ́ kí omi ṣàn nínú tọ́lẹ́ẹ̀tì.

Ilẹ̀kùn ṣí. Sjef dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ kan, kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ kejì. Kò bínú. Ohùn tó fi ń bi àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní orúkọ láyé àtijọ́ ló fi sọ̀rọ̀.

"Toon, ta ni Kees?"

Toon wo kàlẹ́ńdà. Ó wo Dorien, ó wo Marjan, ó wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn ó wo ìyàwó rẹ̀, bó ṣe máa ń wò ó nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tó yẹ kí ó bá òun sọ ọ́.

Nelleke jókòó sórí àga rẹ̀. Ó gbé àwo kéèkì tí kò tíì jẹ lé orí ẹsẹ̀.

"Dá a lóhùn, Toon," ló wí. "Alẹ́ òní ló tún ń bọ̀."